Imam Shafi'i: Ọmọ Òrukàn tí Ó Di Olùkọ́ Àgbà

Ìlú Gaza ni wọ́n ti bí Muhammad ọmọ Idris, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Imam Shafi'i, ní ọdún 150 Híjírà (767). Bàbá rẹ̀ tètè kú, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ sí Mẹ́kà sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn. Opó yìí kò ní owó tí yóò san fún alùfáà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, alùfáà sì fi ìyẹn ṣe owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ó há Àlùkùránì sórí, ó lọ bá ẹ̀yà Hudhayl gbé ní aginjù, nítorí pé èdè Lárúbáwá tiwọn dá ṣáká. Ó ń bá wọn ṣí kiri, títí tí ó fi gbọ́ èdè àti ewì wọn dénú. Lẹ́yìn náà, ó há ìwé Muwatta sórí, ó sì lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Imam Malik tí ó kọ ọ́, ní Mọ̀dínà.

Nígbà tí òun náà di olùkọ́, Imam Ahmad ọmọ Hanbal wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, Risala, ó fi yé wa pé ọ̀ranyàn ni kí Mùsùlùmí kọ́ èdè Lárúbáwá débi tí agbára rẹ̀ bá mọ. Íjíbítì ni ó kú sí ní ọdún 204 Híjírà (820).

Ẹ̀yin òbí, bí ọ̀nà bá ṣí fún ọmọ yín láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ẹ rántí opó yìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fẹ́ di olùkọ́, ẹ má fi èdè Lárúbáwá mọ sínú ìwé. Ẹ máa fi bá ara yín sọ̀rọ̀. Kí Ọlọ́hun kẹ́ Imam Shafi'i. Àmín.