Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilory: Àáfà Tí Ó Ka Oríṣiríṣi Ìwé

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa, àṣẹ àkọ́kọ́ tí Ọlọ́hun sọ kalẹ̀ fún Ànọ́bì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ni pé kí ó kàwé. Síbẹ̀, ní Ọ̀bà-Àkókó níbí, àti ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í ka ohun tí kò ní jáde nínú ìdánwò. Ọmọ kéwú náà kì í fẹ́ ṣí ìwé mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí àáfà rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilory fún wọn.

Ọdún 1917 ni wọ́n bí Sheikh ní Wasa, ní ilẹ̀ Dàhòmì tí à ń pè ní Benin lónìí. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kéwú. Nígbà tí ó dàgbà, kò dúró sọ́dọ̀ àáfà kan ṣoṣo. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Sheikh Salih ní Ìbàdàn, ó kọ́ lọ́dọ̀ Sheikh Umar Agbaji tí í ṣe ọmọ Ìlọrin, ó sì kọ́ lọ́dọ̀ Sheikh Adam Namaji tí ó wá láti Kánò. Ní 1946, ó rìnrìn àjò lọ sí Íjíbítì, ó sì dé Al-Azhar.

Ní 1952, ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1955, ó gbé e lọ sí Agége. Níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń gun kíláàsì láti ọ̀kan dé èkejì. Wọ́n ń kọ́ Àlùkùránì, hádíìsì àti fíkíhì, wọ́n sì ń kọ́ ìtàn, jọ́gíráfì, ìṣirò àti lítíréṣọ̀ Lárúbáwá mọ́ ọn. Inú àwọn kan kò dùn sí i. Wọ́n ní ó ń fara wé ilé-ìwé àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Sheikh kò yẹsẹ̀.

Ẹ wo àwọn ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní èdè Lárúbáwá. Ó kọ nípa Ìsìláàmù ní Nàìjíríà àti Sheikh Usman dan Fodio. Ó kọ ìtàn Nàìjíríà ní ṣókí. Ó kọ nípa orírun Yorùbá, nípa lítíréṣọ̀ Lárúbáwá ní ilẹ̀ wa, àti nípa àwọn àgbà àáfà Ìlọrin. Ìwé fíkíhì kò lè sọ fún ènìyàn ibi tí Yorùbá ti ṣẹ̀ wá, ìwé gírámà kò sì lè sọ ìtàn àwọn àáfà ìlú. Bí ó bá jẹ́ pé irú ìwé kan ṣoṣo ni Sheikh ń kà, púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa àwọn aṣíwájú wa ì bá ti bá wọn wọ ilẹ̀ lọ. Ó jáde láyé ní 1992, ṣùgbọ́n Markaz ṣì wà, àwọn ìwé rẹ̀ náà ṣì wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ bí Ìsìláàmù ṣe wọ ìlú àti abúlé wa ń dín kù lójoojúmọ́. Ta ni yóò bi wọ́n léèrè? Ta ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀? Ọmọ tí kò ka ìwé ìtàn rí kò ní mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè, ọmọ tí kò ka ewì tàbí ìtàn àròsọ rí kò sì ní mọ bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kí ó wọni létí.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa ka ohun kan lọ́sẹ̀ tí kì í ṣe ti ìdánwò: ìtàn àwọn Sàhábà, ìtàn àròsọ Yorùbá, ìwé lórí ìlera, ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀, ewì, tàbí ìwé ìròyìn. Bí a bá kírun Ìṣáì tán, ẹ ní kí ó sọ ohun tí ó kà. Bí kò bá sí ìwé nílé, ẹ jẹ́ kí àwọn ìdílé máa yá ara wọn ní mọ́ṣáláṣí.

Kí Ọlọ́hun forí jin Sheikh, kí Ó sì fi ìmọ̀ tí ń ṣàǹfààní ta àwọn ọmọ wa lọ́rẹ. Àmín.