Joseph Lister: Dókítà Tó Gbé Ẹ̀rọ Tí Ó Gbajúmọ̀ Sílẹ̀

 

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ bi wá ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n fẹ́ fa omi sí àwọn lára ní ilé-ìwòsàn, nọ́ọ̀sì mú ohun kékeré kan tó dà bí ọ̀pá, tí kànìnkànìn wà ní orí rẹ̀. Ó fún un, oògùn jáde, ó fi pa apá àwọn síwá-sẹ́yìn, ó wá dúró, ó kàn ń wò. Wọ́n ní kí ni ó ń dúró dè? Bí a bá fẹ́ dáhùn dáadáa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó ti kú láti ọdún 1912.

Joseph Lister ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 1827 ní Upton, ní Essex, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ìjọ Quaker ni àwọn òbí rẹ̀. Wáìnì ni baba rẹ̀ ń tà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn dígí púpọ̀, òun náà sì wà lára àwọn tó tún dígí maikirosikópù ṣe tí ó fi ń fi nǹkan hàn kedere. Nítorí náà, láti kékeré ni ọmọ yìí ti mọ̀ pé ohun tí ojú lásán kò rí wà láyé. Láyé ìgbà náà, Oxford àti Cambridge kì í fún ọmọ Quaker ní oyè, University College ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti kàwé.

Ní ọdún 1853 ó lọ sí Edinburgh láti kọ́ iṣẹ́ sí i lọ́dọ̀ James Syme, àgbà oníṣẹ́ abẹ. Ní ọdún 1856 ó fẹ́ Agnes, ọmọ Syme. Nítorí ìgbéyàwó náà ó fi ìjọ Quaker sílẹ̀, ó sì di ọmọ ìjọ Episcopal. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọ, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ara wọn gidigidi. Agnes ni ó máa ń bá ọkọ rẹ̀ kọ àbájáde ìwádìí rẹ̀ sínú ìwé.

Ní ọdún 1860 Lister di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Glasgow. Bí ilé-ìwòsàn ṣe rí nígbà náà, àwa nọ́ọ̀sì òde òní kò lè rò ó tán. Ẹ̀wù tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ni dókítà ń wọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọwọ́ tó fi kan egbò tó ń kẹ̀ ni yóò tún fi kan ti ẹlòmíràn láì fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ abẹ á yọrí, aláìsàn á sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ búburú ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Ní ọdún 1865 Lister ka iṣẹ́ Louis Pasteur ará Faransé, ẹni tó fi hàn pé àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò rí ni ó ń mú kí nǹkan kan tàbí kí ó jẹrà. Lister rò ó pé ohun kan náà ni ó ń mú kí egbò kẹ̀. Ó tún gbọ́ pé ní ìlú Carlisle, wọ́n ń da kábólíìkì sí omi ìdọ̀tí, òórùn rẹ̀ sì ń rọlẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n fi ọṣẹ kábólíìkì wẹ̀ fún nígbà èwe yóò mọ òórùn tí a ń wí.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n gbé ọmọ ọdún 11 kan wá, James Greenlees. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ti gun ẹsẹ̀ rẹ̀, egungun ti ṣẹ́, awọ ara sì ti ya. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, gígé ni wọ́n sábà máa ń gé e. Lister fi aṣọ tí a rẹ sínú kábólíìkì di ojú ọgbẹ́ náà. Egbò náà kò kẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, egungun ti so pọ̀, ọmọ náà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tuntun yìí, nínú ènìyàn 35 tí ó gé lápá tàbí lẹ́sẹ̀, 16 ni ó kú. Lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀, nínú 40, 6 ni ó kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan ìbéèrè ìyá wa nìyí. Lister rò pé inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ kòkòrò náà ti ń bà lé egbò. Nítorí náà, ní ọdún 1871 ó bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ tó ń fọ́n kábólíìkì bí ìrì sí ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń rẹ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni èyí tí ń lo ooru omi gbígbóná dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1871, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí Balmoral láti la eéwo ńlá kan lábẹ́ apá Ọbabìnrin Victoria. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ, oògùn sì fọ́n sí Kábíyèsí lójú!

Eéwo ọba jiná, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ní wàhálà. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ló ń fa kábólíìkì símú. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ń funfun, ó ń sán, ó sì ń kú tipiri. Aláìsàn ń tutù, ara rẹ̀ ń rin. Nígbà tó yá, ìwádìí fi hàn pé kòkòrò inú afẹ́fẹ́ kọ́ ni olórí ọ̀tá. Ọwọ́ wa, irin iṣẹ́ wa àti awọ ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣọ́.

Kí ni Lister ṣe? Ó ti di olókìkí nígbà náà, wọ́n ti fi í joyè, gbogbo ayé sì mọ ẹ̀rọ náà mọ́ ọn. Síbẹ̀, ní ọdún 1890, níwájú àwọn dókítà tó péjọ sí Berlin ní Jámánì, ó jẹ́wọ́ pé ojú ń ti òun pé òun gba àwọn ènìyàn níyànjú láti lò ó. Ó gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé òtítọ́ tó wà nídìí rẹ̀ sílẹ̀, pé a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kòkòrò wọ inú egbò.

Agnes kú ní ọdún 1893, ayé sì ṣú mọ́ ọkọ rẹ̀ lójú. Ní ọdún 1897 wọ́n fi í joyè Lọ́ọ̀dù. Ó sùn ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ọdún 1912. Ààyè wà fún un ní Westminster Abbey, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ aya rẹ̀ ní Hampstead ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Ọ̀pá kékeré tí nọ́ọ̀sì mú lọ́wọ́ yẹn, àwọn àṣìṣe àtijọ́ ni ó ń tún ṣe. Oògùn wà ní pípadé nínú rẹ̀ títí di ìgbà tí a bá fẹ́ lò ó. Kò fọ́n sí afẹ́fẹ́, kò kan ọwọ́ ẹni tó mú un, awọ ara nìkan ni ó ń lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni a ń lò ó fún, a ó sì jù ú nù, yàtọ̀ sí ìgò ńlá tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń dà lò, tí kòkòrò lè wọ̀. Chlorhexidine tí a pò mọ́ ọtí líle ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òun náà ní ewu tirẹ̀. Ọtí yìí ń gbiná. Bí kò bá tíì gbẹ, tí dókítà sì lo irin oníná nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, iná lè ràn mọ́ aláìsàn. Bí ó bá ṣàn lọ sí abẹ́ ọmọ jòjòló tí oṣù rẹ̀ kò pé, ó lè bó awọ rẹ̀. Àti pé bí ó ti ń gbẹ ni ó ń pa kòkòrò. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń dúró dè nìyẹn, màmá: kí oògùn gbẹ. Bí ẹ bá tún dé ibẹ̀, ẹ má ṣe kán an lójú, ẹ má fi ọwọ́ kan ibi tó pa, ẹ má sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i.

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí Lister. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà náà wo ẹ̀yìn, ó rí i pé ohun tí òun fi ń gbà wọ́n là ń pa wọ́n lára, kò sì tijú láti sọ ọ́. Kí Olúwa fún wa ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀ nílé àti níbi iṣẹ́. Àmín.