Frederick Douglass Lẹ́bàá Ibùsùn Olówó Rẹ̀

Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wa nípa Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, orúkọ Ààrẹ Abraham Lincoln ni a sábà máa ń gbọ́ jù. N kò ní ohun burúkú kankan láti sọ sí Lincoln, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ogun náà jẹ́ fún àwọn tí wọ́n ń tà lọ́jà bí ẹran, kí ó wo ìgbésí ayé Frederick Douglass. Ìdí mìíràn tí mo fi mú un wá sí ojú ewé yìí ni pé Kristẹni ni, Kristẹni sì ni àwọn tó fi í ṣẹrú. Ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn láti gbé mì, ṣùgbọ́n mo rò pé ó yẹ kí àwa tí à ń jókòó pọ̀ nínú ìdàpọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gbé e yẹ̀wò.

Oṣù Kejì ọdún 1818 ni wọ́n bí i, ní agbègbè Talbot ní ìpínlẹ̀ Maryland. Frederick Bailey ni wọ́n sọ ọ́. Títí ó fi kú, kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní òyìnbó ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ ọmọ. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, Betsy, ni ó ti dàgbà, nítorí pé oko tó tó máìlì 12 síbẹ̀ ni wọ́n ti ń lo ìyá tó bí i. Bí iṣẹ́ bá parí lálẹ́, Harriet á fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà, á sùn ti ọmọ rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti padà sóko kí wọ́n má baà nà án. Frederick kò rí ìyá yìí ju ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ kí ikú tó mú un lọ.

Ní 1826 wọ́n fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí ìlú Baltimore, sọ́dọ̀ Hugh Auld àti ìyàwó rẹ̀, Sophia. Sophia kò tíì ní ẹrú lábẹ́ rí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì le. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Frederick ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó dá a dúró, ó ṣàlàyé pé ẹrú tó bá mọ ìwé ti bàjẹ́, kò ní wúlò fún ẹrú mọ́. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ó ń gbọ́. Àlàyé yẹn yé e ju bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe fẹ́ lọ: bí ìwé bá lè ba ẹrú jẹ́, a jẹ́ pé ìwé ni ọ̀nà àbáyọ. Láti ọjọ́ náà, búrẹ́dì ilé ọ̀gá ni ó fi ń san owó ilé ìwé. Yóò gbé e lọ sí ìgboro, yóò fún àwọn ọmọ òyìnbó tálákà tí ebi ń pa, wọn yóò sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tuntun.

Ó tó bí ọmọ ọdún 13 nígbà tó fi ayé rẹ̀ fún Kristi. Bàbá aláwọ̀ dúdú kan, Charles Lawson, ni ó di bàbá rẹ̀ nínú Olúwa. Lawson kò mọ ìwé kà dáadáa, nítorí náà ọmọ á bá a ka ọ̀rọ̀ náà, bàbá á sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Frederick a máa ṣa ojú ewé Bíbélì tó ti já dà sínú gọ́tà ní ìgboro Baltimore, á fọ̀ ọ́, á sá a gbẹ, á sì jókòó tì í. Àwa tí Bíbélì mẹ́ta mẹ́rin wà lórí fóònù wa, ẹ jẹ́ kí n má sọ púpọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá korò ni nígbà tí wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ Thomas Auld, ẹ̀gbọ́n Hugh, ẹni tó jẹ́ olówó rẹ̀ gan-an lábẹ́ òfin, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ St. Michaels. Thomas lọ sí ìsọjí àwọn Mẹ́tọ́díìsì nínú àgọ́, ó sì yí padà níbẹ̀. Frederick dúró, ó ń ṣọ́ ọ, ó ń retí pé bí Ọlọ́run bá ti fọwọ́ kan ọkùnrin yìí lóòótọ́, yóò tú àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, tàbí ó kéré tán kí ó fún wọn ní oúnjẹ yó. Àdúrà òwúrọ̀ kò yẹ̀ nínú ilé náà mọ́, tìrọ̀lẹ́ náà kò sì yẹ̀. Àwọn oníwàásù ń wọlé, wọ́n ń jẹun. Ṣùgbọ́n ebi àwọn ẹrú kò dínkù, ẹgba sì pọ̀ sí i. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà tí iná ti jó lọ́wọ́ láti kékeré, tí kò fi lè ṣiṣẹ́ bí àwọn tó kù. Thomas a máa dè é mọ́lẹ̀ nà, tí yóò sì máa ka ẹsẹ Ìwé Mímọ́ sí i bí ó ti ń nà án. Nígbà tí Frederick bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kékeré kan fún àwọn ẹrú, àwọn ọmọ ìjọ, Thomas pẹ̀lú wọn, kó igi wọlé wá tú u ká.

Ọdún 1834 ni wọ́n yá a fún Edward Covey, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tẹ orí ẹrú tó bá gbójú ba. Olùdarí kíláàsì ni Covey nínú ìjọ. Oṣù mẹ́fà ló fi nà án láìsinmi. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, ọmọ ọdún 16 náà di ọrùn Covey mú. Wọ́n jà fún bíi wákàtí méjì, Covey kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Bóyá ìtìjú ni kò jẹ́ kí ó lọ fẹjọ́ sùn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lóko mìíràn, Frederick tún dá ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, àwọn tó ń wá sì lé ní 40. Ó ti di àgbà kí ó tó kọ̀wé pé kò sí iṣẹ́ tó dùn mọ́ òun nínú bí èyí.

Ìsáǹsá rẹ̀ àkọ́kọ́ já sí ẹ̀wọ̀n. Dípò kí Thomas Auld tà á sí Gúúsù bí àwọn aládùúgbò ṣe fẹ́, ó dá a padà sí Baltimore láti lọ kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Anna Murray, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú. Owó Anna wà nínú ohun tó fi sá lọ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 1838, ó wọ aṣọ atukọ̀, ó mú ìwé ẹlòmíràn dání, ó wọ rélùwéè, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó tó pé wákàtí 24 ó ti dé New York. Anna tẹ̀ lé e, wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n kọjá sí New Bedford ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó sì yí orúkọ padà sí Douglass. Àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ kì í sábà dúró lórí Anna, mo sì rò pé èyí kò dára tó.

Ní Àríwá tí kò sí ẹrú yìí pàápàá, ó wọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan, ó rí i pé ẹ̀yìn òyìnbó ni wọ́n ń jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú wá sídìí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ó dìde, ó jáde, ó sì darapọ̀ mọ́ ìjọ Zion ti àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n fún un láyè láti máa wàásù. Láti 1841 ó di olùbánisọ̀rọ̀ káàkiri lòdì sí oko ẹrú. Ní 1845 ó kọ ìtàn ara rẹ̀ jáde, ó dárúkọ olówó rẹ̀ sínú rẹ̀ kedere, ó sì ní láti sá lọ sí Ireland àti Britain kí wọ́n má baà wá mú un. Àwọn ọ̀rẹ́ níbẹ̀ dá 150 pọ́n-ùn jọ, wọ́n fi rà á padà. Nígbà tó délé ní 1847, ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Rochester.

Kí Amẹ́ríkà tó fọ́, ìjọ ló kọ́kọ́ fọ́. Ní 1844 àwọn Mẹ́tọ́díìsì pín lórí ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù kan tó ní ẹrú. Ní 1845 ó kan àwọn Onítẹ̀bọmi, nítorí pé àwọn ará Gúúsù fẹ́ kí olówó ẹrú lè jẹ́ míṣọ́nnárì. Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé wa. Ẹgbẹ́ tí àwọn ará Gúúsù dá sílẹ̀ lọ́dún náà, Southern Baptist Convention, ni ó rán Thomas Jefferson Bowen sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850. Bowen yìí ló ṣe ìwé gírámà àti ìtumọ̀ èdè Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń kà á báyìí ni wọ́n tẹ̀ bọmi nínú ìjọ tí irúgbìn rẹ̀ ti ibẹ̀ wá, èmi náà sì wà lára wọn. Mo dúpẹ́ fún Bowen, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ irú oko tí díẹ̀ nínú owó ọrẹ yẹn ti jáde. Ó di 1995 kí ẹgbẹ́ náà tó tọrọ àforíjì ní gbangba.

Nígbà tí Lincoln wọlé ìbò ní 1860, ènìyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ló wà lóko ẹrú. Ìpínlẹ̀ 11 ní Gúúsù yapa, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1861. Lincoln kọ́kọ́ ní ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè ni òun ń jà fún, kì í ṣe òmìnira ẹrú, Douglass sì ń bá a wí kíkankíkan nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 1863, ó wà láàárín ogunlọ́gọ̀ ní Boston, tí wọ́n ń retí kí wáyà mú ìròyìn wá pé Ààrẹ ti fọwọ́ sí ìkéde òmìnira. Ilẹ̀ ṣú, ìròyìn kò dé. Ó ti di òru kí ó tó dé, wọ́n sì bú sẹ́kún, wọ́n bú sórin.

Ó wá ń pe àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú wọṣẹ́ ogun, ọmọ tirẹ̀ méjì, Lewis àti Charles, ló sì fi ṣáájú. Nígbà tí wọ́n ń san dọ́là 13 lóṣù fún òyìnbó, dọ́là méje péré ló ń dé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú. Douglass lọ bá Lincoln ní ojúkorojú lórí rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1863. Kò rí gbogbo ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún gbà, ṣùgbọ́n ó jáde pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà. Bíi 180,000 aláwọ̀ dúdú ló jagun fún ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí ogun parí ní 1865, àwọn tó kú níhà méjèèjì lé ní 600,000, wọ́n sì yìnbọn pa Lincoln fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gágun Gúúsù túúbá.

Àtúnkọ́ orílẹ̀-èdè náà dà bíi pé yóò yọrí sí rere. Wọ́n tún Ìwé Òfin ṣe lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 1865 sí 1870: oko ẹrú parí, ẹrú àná di ọmọ ìlú, àwọn ọkùnrin wọn sì gba ẹ̀tọ́ ìdìbò. Pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú kan, Hiram Revels, di sẹ́nétọ̀ ní 1870. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò lójútùú. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára ènìyàn bíi 110 tí ọkọ̀ Clotilda kó láti Ouidah lọ sí ìpínlẹ̀ Alabama ní 1860, nígbà tí òfin ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ tipẹ́. Nígbà tí wọ́n di òmìnira, wọ́n bẹ ẹni tó kó wọn wá pé kí ó fún wọn nílẹ̀, ó kọ̀. Òógùn ojú wọn ni wọ́n fi ra ibi tí wọ́n ń pè ní Africatown títí dòní. Káàkiri Gúúsù, àwọn ẹgbẹ́ abófinjà ń pa aláwọ̀ dúdú tó bá lọ dìbò. Nígbà tó di 1877, àwọn olóṣèlú Àríwá àti Gúúsù ti parí ìjà láàárín ara wọn, wọ́n kó sójà kúrò, wọ́n sì fi àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ lé ọwọ́ àwọn tó fi wọ́n ṣẹrú.

Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà ni Douglass padà sí St. Michaels. Ó ti di ọ̀gá àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ ní Washington. Thomas Auld lé ní 80 ọdún, ó wà lórí ibùsùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí i. Ọdún 41 ni wọn kò tíì fojú kan ara wọn. Nígbà tí wọ́n di ọwọ́ mú, Auld bú sẹ́kún, ọ̀rọ̀ sì há mọ́ Douglass lọ́fun. Auld pè é ní orúkọ oyè rẹ̀; Douglass ní kí ó máa pe òun ní Frederick bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó bi arúgbó náà pé kí ló rò nígbà tí òun sá lọ. Auld ní òun ti mọ̀ pé ó gbọ́n ju ẹni tí à ń fi ṣẹrú lọ, àti pé bí ó bá jẹ́ òun ni, òun náà ìbá sá. Wọ́n sọ̀rọ̀ ìyá àgbà Betsy, tí Douglass ti kọ nínú ìwé rẹ̀ pé Auld lé síta kí ó lọ kú. Auld ní kì í ṣe òun ni olówó rẹ̀, òun sì ti mú un wálé tọ́jú nígbà ogbó rẹ̀, Douglass sì gbà pé òun ti ṣì í kọ. Bíi ogún ìṣẹ́jú ni, ó dìde, ó lọ.

Àwọn aláwọ̀ dúdú kan bínú sí ìbẹ̀wò yìí, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi bínú. Lójú tèmi, Douglass mọ ohun tó ń ṣe. Ó dárí ji Auld nítorí pé òun ni Auld ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbà láé pé kí orílẹ̀-èdè fi orúkọ àlàáfíà bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ní gbogbo ọdún tó kù fún un, nígbà tí àwọn òyìnbó Àríwá àti Gúúsù ń dì mọ́ra wọn níbi ìrántí àwọn ọmọ ogun, ó ń tẹnu mọ́ ọn pé apá kan jà láti dá ènìyàn sílẹ̀, apá kejì jà láti dè é mọ́lẹ̀, wọn kò sì dọ́gba. Anna kú ní 1882. Ó fẹ́ Helen Pitts, òyìnbó, ní 1884, ìdílé méjèèjì sì bínú. Ní 1894, ní ìjọ Metropolitan ní Washington, ó sọ̀rọ̀ gígùn lòdì sí bí wọ́n ṣe ń so aláwọ̀ dúdú rọ̀ láìsí ìdájọ́.

Ní ogúnjọ́ oṣù Kejì 1895, ó lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, ó sì padà sílé nírọ̀lẹ́. Ó ń sọ bí ìpàdé náà ṣe lọ fún Helen, ó ń dúró de kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí yóò gbé e lọ sí ìjọ kékeré kan ládùúgbò, níbi tó ti fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tó ṣubú lulẹ̀.