Anna Hinderer, Ìyá Àwọn Ọmọ ní Kúdẹ̀tì

Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré àti jákèjádò gúúsù Èkìtì, kì í ṣe ohun àjèjì kí ẹgbẹ́ ìjọ ru àpò ìrẹsì àti páálí ọṣẹ lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí. Iṣẹ́ rere ni, Olúwa yóò sì san ẹ̀san rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti ya àwòrán tán, tí ọkọ̀ sì ti gbé wa padà sílé, ilẹ̀ a máa ṣú bá àwọn ọmọ náà níbẹ̀. Ta ni ó kù tì wọ́n? Nítorí ìbéèrè yìí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé obìnrin kan fún ẹ̀yin ará wa àti ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1827 ni a bí Anna Martin ní Hempnall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, nítorí náà ó mọ bí ó ti ń rí kí ọmọ máà ní ìyá. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ìlú Lowestoft, níbi tí àlùfáà Francis Cunningham àti ìyàwó rẹ̀ ti gbà á sílé bí ọmọ. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń kó àwọn ọmọ tálákà jọ, àwọn tí aṣọ wọn ti gbó, tí ó sì ń kọ́ wọn láìgba owó.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852, ó fẹ́ David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí í ṣe míṣọ́nárì ẹgbẹ́ C.M.S., tí ó sì ti dé Ìbàdàn ṣáájú ní ọdún 1851. Ibà kọlù wọ́n bí wọ́n ti gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ wa, síbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1853 wọ́n wọ Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹ̀tì.

Kò pẹ́ tí ilé wọn fi di ilé àwọn ọmọ. Olóyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, sí ọwọ́ wọn. Àwọn mìíràn wá láti ilé tálákà, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ tí a kó lójú ogun, tí a fi owó rà padà kúrò lóko ẹrú. Ìgbà náà ni ogun Ìbàdàn ń jà káàkiri, títí dé ilẹ̀ Èkìtì tiwa, ẹkún ọmọ tí a já gbà lọ́wọ́ ìyá sì pọ̀. Anna ń bọ́ wọn, ó ń rán aṣọ fún wọn, ó ń kọ́ wọn ní ìwé àti àdúrà, ó sì ń ṣètọ́jú wọn nígbà àìsàn. Kò fi inú ara rẹ̀ bí ọmọ kankan, ṣùgbọ́n Ìyá ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a rà padà ni ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ògúnyọmí. Ogun ti ya òun àti ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ní ìgboro Ìbàdàn, ó gbọ́ ohùn obìnrin kan, ó sì mọ̀ pé ohùn ìyá òun ni. Ẹrú ni ìyá náà, ẹnìkan ti rà á. Àwọn Hinderer sì san owó ìràpadà rẹ̀ nígbà tí ó yá, kí tìyá tọmọ lè wà pọ̀.

Ìdánwò tí ó tóbi jù ni ogun Ìjàyè, tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860. A dí ọ̀nà Ẹ̀gbá àti ti Ìjẹ̀bú mọ́ Ìbàdàn, owó àti ẹrù kò wọlé mọ́ láti Èkó. Ẹnu tí ó ń jẹun nínú ọgbà náà pọ̀, owó ẹyọ sì tán. Anna bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé: agolo, ìgò àti aṣọ. Ẹ̀wà àti epo di oúnjẹ wọn, nígbà mìíràn kò sì kárí. Ara rẹ̀ ti wó, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá a wí bí ó bá tú àwọn ọmọ náà ká, kí olúkúlùkù wá ibi tí yóò jẹ́ tirẹ̀ sí. Kò tú wọn ká. Ebi tí ń pa wọ́n ni ó ń pa á, ọdún bí i márùn-ún sì ni ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé àwọn ará Ìbàdàn tí kì í tilẹ̀ ṣe onígbàgbọ́ ṣàánú wọn ní àkókò náà.

Ní ọdún 1865, Gómìnà Glover rán àwọn ènìyàn láti Èkó, wọ́n la inú igbó dé Ìbàdàn láti gbé e jáde. Ọkọ rẹ̀ dúró ti iṣẹ́, òun sì lọ, nítorí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ọ̀pọ̀ ìbá ti rò pé ó parí, ṣùgbọ́n ní ọdún 1866 ó tún padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Àìsàn ni ó mú kí wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1869, ó sì sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1870, ní ẹni ọdún 43.

Kí ni èso rẹ̀? Daniel Olúbí, tí ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, di aṣáájú ìjọ Ìbàdàn lẹ́yìn wọn. Samuel Johnson, tí bàbá rẹ̀ mú wá sí Ìbàdàn ní kékeré, kẹ́kọ̀ọ́ ní Kúdẹ̀tì, ó sì di òǹkọ̀wé ìtàn àwọn Yorùbá. Òun kan náà àti Charles Phillips, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù nígbà tí ó yá, ni wọ́n rìn láàárín ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ láti bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà nínú ogun Kírìjì, títí tí a fi ṣe àdéhùn ní ọdún 1886. Lẹ́yìn ogun náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tí a ti kó lẹ́rú padà sílé, àwọn kan nínú wọn sì mú ìgbàgbọ́ tí wọ́n rí ní àjò wá. Ẹ wo bí ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ kékeré náà ti nà dé ọ̀dọ̀ àwọn baba wa.

Nítorí náà, ará, ẹ máa gbé ìrẹsì lọ, ẹ má ṣe dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n kí ìjọ kọ̀ọ̀kan tún wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí yóò mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí yóò bá wọn fọ aṣọ, tí yóò wo ìwé wọn, tí wọn kò sì ní pàdánù nígbà tí owó bá wọ́n. Ọmọ tí ó ti sọ ìyá nù lẹ́ẹ̀kan kò yẹ kí ó tún máa ka iye ènìyàn tí ó wá, tí kò sì padà wá mọ́. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ń dúró. Àmín.