Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Ayé James Naismith

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ló wá sí wa lọ́kàn nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Ọmọ ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, ni òun fẹ́ fi wọ yunifásítì. Bàbá ní dókítà ni òun bí, òun kò bí agbábọ́ọ̀lù. Ìyá wà láàárín, kò mọ ẹni tí yóò gbè. A rò pé yóò dára kí a mọ ìtàn ẹni tó dá eré náà sílẹ̀, nítorí pé òun náà kọ́ṣẹ́ àlùfáà, ó kọ́ṣẹ́ dókítà, kó tó rí ibi tó bá a mu. James Naismith ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí a wà yìí sì ni.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 1861 ni wọ́n bí i nítòsí ìlú Almonte, ní Ontario, sínú ìdílé tó ti Sìkọ́tíláǹdì ṣí wá. Lọ́dún 1870, ibà táífọ́ọ̀dù pa bàbá àti ìyá rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwa nọ́ọ̀sì mọ àìsàn yìí dáadáa: omi àti oúnjẹ tí kò mọ́ ló ń gbé e kiri, kò sì sí oògùn tó ká a nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ àti arákùnrin ìyá rẹ̀ ló dàgbà sí. Ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó lọ ń gé igi gẹdú nínú igbó. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ló ronú padà, tó tún lọ jókòó ti ìwé rẹ̀.

Ó wọ Yunifásítì McGill ní Montreal lọ́dún 1883, ó gboyè lọ́dún 1887, ó sì kọ́ṣẹ́ àlùfáà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Presbyterian ní ìlú kan náà títí di ọdún 1890. Ṣùgbọ́n kò yé gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kan lórí pápá, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a sọ ìsọkúsọ, ó wẹ̀yìn rí Naismith, ó sì bẹ̀ ẹ́. Naismith wò ó pé bí ìwà òun nìkan bá lè mú kí ẹnìkan tún ẹnu rẹ̀ ṣe, a jẹ́ pé pápá náà lè jẹ́ ibi ìwàásù. Bó ṣe yí ọ̀nà padà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bínú sí i, ìbínú náà kò sì tán bọ̀rọ̀.

Ó kọjá sí Springfield ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, sí ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ YMCA tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá. Ní oṣù kejìlá ọdún 1891, òtútù ti lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, eré inú ilé sì ti sú wọn. Ọ̀gá rẹ̀, Luther Gulick, ní kó wá eré tuntun fún wọn. Naismith kan apẹ̀rẹ̀ èso píìṣì méjì mọ́ òkè, ó kọ òfin 13, ó pín akẹ́kọ̀ọ́ 18 sí ọ̀nà méjì, ó sì ju bọ́ọ̀lù sáàárín wọn. Òtútù ló bí básíkẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń sá wọ Genesis Centre nígbà tí yìnyín bo Taradale, ohun tí eré náà wà fún gan-an ni wọ́n ń fi í ṣe.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó sórí òkìkí yìí. Naismith kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1895, ó kó lọ sí Denver pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ fún YMCA, ó sì ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Ó gboyè lọ́dún 1898. Ọdún yẹn kan náà ni Yunifásítì Kansas ní ìlú Lawrence ń wá ẹni tí yóò máa darí àdúrà àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí yóò sì máa kọ́ wọn ní eré ìdárayá. Ẹ wo bí ó ṣe bára mu: ẹ̀kọ́ àlùfáà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé ó ti ṣòfò, ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí kò fi ṣí ilé ìwòsàn, àti eré tí àwọn ẹlẹ́sìn ń fojú kéré, gbogbo wọn rí iṣẹ́ ṣe ní ibì kan ṣoṣo.

Kì í ṣe nítorí kó lè máa borí ni wọ́n ṣe gbà á. Nígbà tí ẹgbẹ́ Kansas gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní oṣù kejì ọdún 1899, 16 sí 5 ni wọ́n fi nà wọ́n. Títí di ọdún 1907 tó fi iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá sílẹ̀, ìgbà 55 ló borí, ìgbà 60 ló sì pàdánù. Nínú gbogbo àwọn tó ti kọ́ ẹgbẹ́ ọkùnrin Kansas títí di òní, òun nìkan ni àdánù rẹ̀ ju ìborí rẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, Forrest Allen tí wọ́n ń pè ní Phog, fẹ́ fi kíkọ́ni ní básíkẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ ṣe. Naismith rò pé kò mọ́gbọ́n dání, nítorí lójú tirẹ̀, gbígbá ni eré náà wà fún, kò sí ohun tí ènìyàn fẹ́ máa kọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó ṣìnà níbẹ̀. Allen gba ipò rẹ̀, nígbà tó sì fi máa fẹ̀yìn tì lọ́dún 1956, ó ti borí ní ìgbà 590 fún Kansas. Lónìí, orúkọ Allen ni ilé eré yunifásítì náà ń jẹ́, orúkọ Naismith sì ni ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá a lé ń jẹ́. Oníkálukú ló ní àyè tirẹ̀.

Naismith ń kọ́ni lọ ní Kansas títí di ọdún 1937. Ibẹ̀ ni ọmọ aláwọ̀ dúdú kan, John McLendon, ti bá a lọ́dún 1933. Wọn kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún yunifásítì náà nígbà náà, ṣùgbọ́n Naismith dúró tì í títí tó fi gboyè lọ́dún 1936. McLendon kó Tennessee A&I gba ife ẹ̀yẹ NAIA lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn, ní 1957, 1958 àti 1959. Lọ́dún 1966, Cleveland State gbà á, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì tí àwọn aláwọ̀ funfun ti pọ̀ jù. Irú èso yìí kò sí nínú 55, kò sì sí nínú 60.

Lọ́dún 1936, básíkẹ́ẹ̀tì wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Berlin, Naismith sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Amẹ́ríkà ló gba wúrà, Kánádà gba fàdákà. Eré náà kò sọ ọ́ di olówó. Ó kú ní Lawrence ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1939.

Kí ni èyí kàn wá? Àwa tí a ń kọ èyí, ilé ni a ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí a dé ìhín, wọ́n ní kí a tún ìdánwò ṣe. Ní gbogbo ìgbà tí a fi ń retí ìwé àṣẹ, arúgbó ni a ń wẹ̀, tí a ń bọ́. A rò pé ọdún tí a fi kàwé ti ṣòfò. Kò ṣòfò. Ibi tí yóò ti wúlò ni a kò tíì rí.

Ẹ̀yin òbí, bí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan bá wá béèrè ọmọ yín, ẹ má ṣe bi í ní iye ìgbà tó ti borí nìkan. Ẹ bi í bóyá àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń gboyè. Ẹ bi í bóyá ẹ̀kọ́ tí ọmọ yín fẹ́ kà wà níbẹ̀. Ẹ bi í pé bí orúnkún ọmọ náà bá yẹ̀, ta ni yóò san owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ rántí pé Naismith ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò fi ìwé kankan sílẹ̀ láìparí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé eré náà kò kan wá. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, wọ ilé ọlá tó ń jẹ́ orúkọ Naismith lọ́dún 2008. Lọ́dún 2024, ní Òlíńpíìkì Paris, àwọn obìnrin Nàìjíríà fi 79 sí 70 na Kánádà tó bí eré náà. Lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ wa kò mọ àsíá tí à bá gbé.

Ọlọ́run yóò fi ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa lé ọ̀nà tó bá orí wọn mu. Yóò sì fún àwa òbí ní sùúrù láti máa wò wọ́n títí wọn yóò fi dé ọjà. Àmín o.