Fẹlá Aníkúlápó-Kútì àti Fèrè Ọwọ́ Rẹ̀

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ Fẹlá Aníkúlápó-Kútì láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹnu rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn yóò kọ́kọ́ rántí: bí ó ṣe ta ko ìjọba, bí ó ṣe fi àwọn ológun ṣẹ̀sín, bí ó ṣe da Yorùbá pọ̀ mọ́ èdè Pijin. Àwọn iṣẹ́ lámèyítọ́ tí a ń ṣe lórí orin rẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ inú orin ni púpọ̀ nínú wọn dá lé lórí. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé iṣẹ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn àwo orin tí ó ṣe láàrin ọdún 1973 sí 1980 yóò ṣàkíyèsí pé ó máa ń pẹ́ púpọ̀ kí ọkùnrin náà tó la ẹnu kọrin. Nínú àwọn mìíràn, apá kan odindi àwo yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí a tó gbọ́ gbólóhùn kan. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì máa ń fò kọjá nìyẹn, kí wọ́n lè tètè dé ibi ọ̀rọ̀.

Kí ni Fẹlá ń ṣe ní gbogbo àkókò náà? Fèrè ni ó ń fun, dùùrù ni ó ń tẹ̀. Ohun èlò ọwọ́ rẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi wo ìgbésí ayé rẹ̀: bí ó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, ohun tí ó fi ṣe, àti ohun tí ó ná an.

Dùùrù Ilé Àlùfáà

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1938 ni a bí Fẹlá ní Abẹ́òkúta. Bàbá rẹ̀ ni Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Grammar School àti ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwa olùkọ́, NUT. Ìyá rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ẹni tí ó ṣíwájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n kọ owó orí ní ìparí àwọn ọdún 1940. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, jẹ́ gbajúmọ̀ nínú orin ìsìn Yorùbá. Ilé iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwọ̀nba ni ọmọ Áfíríkà tí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kàn.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ní ìdílé Àyàn, ọmọ ń jogún ìlù pẹ̀lú orúkọ. Kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì ni wọn yóò ti gbé ọmọ ìlù kọ́ ọ lọ́rùn, tí yóò máa tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí òde. Ìlù kì í ṣe igi àti awọ lásán lójú onílù bẹ́ẹ̀. Àyàn ń gbé inú rẹ̀, ó ní ohun tí ó ń jẹ, ó sì ní èèwọ̀. Fẹlá kì í ṣe ọmọ Àyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ìdílé onímúsíìkì ni òun náà ti wá, àárín iran kẹta ni ó sì wà. Dùùrù ni ìlù ìdílé tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ̀ bàbá náà ni ó sì ti kọ́ ọ, pẹ̀lú ìbáwí tí àwọn ọmọ àlùfáà ìgbà náà mọ̀ dunjú. Nígbà tí ó di àgbà tí ó kẹ̀yìn sí ẹ̀sìn ilé wọn, tí ó sì yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀ tí ó fi Aníkúlápó dípò, ọwọ́ tí ó fi ń tẹ dùùrù kò yí padà.

Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Alágomejì

Kí ó tó kúrò ní Nàìjíríà ni ó ti ń bá Victor Ọláìyá kọrin nínú ẹgbẹ́ Cool Cats ní Èkó. Tirọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni Ọláìyá ń fun, òun ni ọba rẹ̀ ní ìlú Èkó nígbà náà, a kò sì lè sọ pé èyí kò kan ohun tí Fẹlá yàn lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1958 ó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ. Iṣẹ́ ìṣègùn ni ẹbí ń retí, irú èyí tí àwọn arákùnrin rẹ̀, Olíkóyè àti Bẹ́kọ̀, ṣe. Trinity College of Music ni ó wọ̀, tirọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni ó sì mú lọ́kùn-ún-kúndùn. Ibẹ̀ ni òun àti J. K. Braimah ti dá ẹgbẹ́ Koola Lobitos sílẹ̀.

Ó padà dé ní ọdún 1963, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì, NBC, ó sì tún ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ. Láìpẹ́ Tony Allen dé ibi ìlù jáàsì. Ilé ijó Kakadu ní Alágomejì, Yábà, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń ṣeré. Háíláìfù tí wọ́n lú mọ́ jáàsì ni wọ́n ń kọ, ọjà náà kò sì tà bí wọ́n ṣe fẹ́. Ó díjú fún ẹni tí ó wá jó. Ní ọdún 1969 wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà. Ní Los Angeles ni ó ti bá Sandra Smith pàdé, obìnrin tí ó fi ìwé àti èrò àwọn ajìjàgbara aláwọ̀ dúdú mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó padà ní 1970, orin náà ti yí. Ó fa gbogbo rẹ̀ gùn, ó dín ìṣíkúrò ohùn kù, ó fún gìtá kọ̀ọ̀kan ní ègé kékeré kan tí yóò máa tẹ̀ láìyẹsẹ̀ títí orin yóò fi parí.

Ẹni tí ó mọ ẹgbẹ́ onídùndún yóò rí i pé ètò yìí kò ṣàjèjì. Gúdúgúdú àti kẹríkẹrì ní ohun tí wọ́n ń sọ lásọtúnsọ. Ìyáàlù ni ó lómìnira láti máa rìn kiri lórí wọn. Ipò ìyáàlù ni Fẹlá fi fèrè sí. Nǹkan kan ṣoṣo ni ó kù: ní àkókò yìí, fèrè tí ó gba ipò náà kò sí ní ẹnu Fẹlá. Sasofóònù tẹ́nọ̀ ni, Igo Chico ni ó sì ń fun ún. Òun ni a ń gbọ́ nínú Shakara ní ọdún 1972. Fẹlá fúnra rẹ̀ ti ń jọ̀wọ́ tirọ́ńpẹ́ẹ̀tì fún Túndé Williams, dùùrù oníná ni ó ń jókòó tì.

Ọdún 1973

Ní ọdún 1973, àárín Fẹlá àti Igo Chico kò gún mọ́, Igo Chico sì kúrò. Kí a lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó, ó yẹ kí a rántí bí ẹgbẹ́ akọrin ṣe rí láyé ìgbà náà. Òkè òkun ni fèrè, gìtá àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè ti ń wá, owó gọbọi ni wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ni ohun èlò ni ó sábà máa ń ni ẹgbẹ́, ẹni tí ó ń lò ó a sì jẹ́ òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ náà bá bínú lọ, ọwọ́ rẹ̀ àti ohun tí ó mọ̀ nìkan ni ó ń mú lọ. Ohun tí Igo Chico mú lọ nìyẹn, kò sì sí ní ọjà.

Fẹlá kò wá ẹlòmíràn. Ó gbé sasofóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nígbà náà, ó sì lókìkí. Àwọn tí kò fọwọ́ kan ohun èlò rí lè rò pé fèrè ni fèrè ń jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètè ni ó ń dún nínú tirọ́ńpẹ́ẹ̀tì: afunfèrè a fún ètè rẹ̀ pọ̀ mọ́ ife irin kékeré, a máa gbọ̀n ọ́n, bọ́tìnì mẹ́ta péré ni ìka rẹ̀ sì ń tẹ̀. Nínú sasofóònù, ewé esùsú pẹlẹbẹ kan tí a dè mọ́ ẹnu fèrè ni ó ń gbọ̀n. Ètè níláti rọ̀ yí i ká, ìka ọwọ́ méjèèjì sì ní ohun tí ó lé ní ogún láti tẹ̀. Ohun tí a fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ètè fún tirọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ìdíwọ́ ni fún sasofóònù. Àfi bí ẹni tí ó dàgbà sídìí dùndún, tí ó ń fi apá fún ọṣán kí ohùn lè lọ sókè sódò, tí a wá gbé bàtá kọ́ lọ́rùn, tí a fi bílálà lé e lọ́wọ́.

Ìtàn tí àwọn èèyàn ń sọ nípa bí ó ṣe yá tó kí ó tó mọ̀ ọ́n ń yàtọ̀ láti ẹnu dé ẹnu, a ó sì fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú àwo kò ṣeé jiyàn. Ní ọdún 1973 yẹn kan náà ni Gentleman jáde, Fẹlá ni ó sì fun sasofóònù inú rẹ̀. Lójú tèmi, kò fun ún bí ọ̀jáfáfá. Àwọn afunsasofóònù jáàsì tí ó fẹ́ràn mọ ọ̀nà tí ó pọ̀ jù tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ń fi fèrè náà sọ̀rọ̀: gbólóhùn kúkúrú, ìdákẹ́, gbólóhùn kan náà padà pẹ̀lú ìyípadà díẹ̀, bí ẹni tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ dáhùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí mo ń sọ, kí ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Zombie, ti ọdún 1976. Àwọn ṣọ́jà ti ń kó ìyà jẹ kí orin tó dárúkọ wọn.

Láti ìgbà náà ni ó ti di pé òun gan-an ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀: dùùrù, tẹ́nọ̀, lẹ́yìn náà áátò àti sòpránò pẹ̀lú. Òun ni ó ń fi ẹnu kọ ègé tí olúkúlùkù yóò ta tàbí fun. Tony Allen nìkan ni a gbà pé ó ń ronú ìlù tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ginger Baker, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lu ìlù rọ́ọ̀kì fún ẹgbẹ́ Cream, wá sí Èkó nítorí irú ìlù yìí. Òun àti ẹgbẹ́ Fẹlá ṣe àwo kan pọ̀ ní 1971, ó sì kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà. Paul McCartney náà dé ní 1973, ó sì jẹ́wọ́ pé orin tí òun gbọ́ ní Afrika Shrine pa òun lẹ́kún.

Hòtẹ́ẹ̀lì Empire ní Ìdí-Òrò, Múṣin, ni Shrine yìí wà, kò jìnnà sí ilé Fẹlá tí ó wà ní ojú ọ̀nà mọ́tò Agége, níwájú díẹ̀ sí Mọ́ṣáláṣí. Àwọn ọmọ kọ́ńdọ́, awakọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó àti àwọn òyìnbó oníròyìn ni wọ́n jọ ń dúró síbẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó gbé gbẹ̀du ńlá sáàrin àwọn ohun èlò rẹ̀. A mọ̀ pé gbẹ̀du kì í ṣe ìlù ẹni tí ó bá ṣáà ti fẹ́; ìlù ọba àti ìjòyè ni. Kí a máa lù ú fún àwọn ọmọ ìgboro jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò nílò Pijin láti yé ọmọ Yorùbá.

Iná Mọ́ṣáláṣí àti Ohun Tí Ó Tẹ̀lé E

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ṣọ́jà tí wọ́n tó ẹgbẹ̀rún ya bo ilé náà tí ó pè ní Kalakuta. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n ti ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé. Ohun èlò orin jóná níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni téèpù àti fíìmù tí ó ń ṣe lórí ìgbésí ayé ara rẹ̀. Fẹlá fara pa púpọ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ni ó dáná náà. Ìyá rẹ̀ kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1978. Ní ọdún kan náà, lẹ́yìn eré tí wọ́n ṣe ní Berlin, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi í sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ owó, Tony Allen náà sì wà lára àwọn tí ó lọ láìpẹ́ sígbà náà. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ fún ayé pé ìlù bíi tirẹ̀ kò sí. Ó lè kọ́ sasofóònù dípò Igo Chico. Kò sí bí yóò ṣe kọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Allen.

Ó dá Egypt 80 sílẹ̀. Ní ọdún 1984, nígbà tí wọ́n ń lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà lórí ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Níbẹ̀ ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí àwọn òpìtàn kì í sábà fún láyè. Orin Army Arrangement ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó mú un. Ilé iṣẹ́ tí yóò gbé e jáde lókè òkun gbé e fún Bill Laswell, ará Amẹ́ríkà, kí ó tún un ṣe. Laswell fi dùùrù Bernie Worrell àti ìlù Sly Dunbar kún un, ó sì yọ nínú ohun tí Fẹlá àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ṣe. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Worrell kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fẹlá gbọ́ ọ lẹ́wọ̀n, ó dùn ún wọra. Ohùn rẹ̀ ṣì wà nínú àwo náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan ni Fẹlá, kí ni ìbá bà á nínú jẹ́?

Nígbà tí ó wà lẹ́wọ̀n, ọmọ rẹ̀ Fẹ́mi gbé sasofóònù ó sì ṣíwájú Egypt 80 lọ sí Hollywood Bowl ní 1985. Wọ́n tú Fẹlá sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1986. Ó ṣeré fún bí ọdún mẹ́wàá sí i ní Shrine ti Ìkẹjà, òru mọ́jú, orin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ inú àwo, nítorí pé èyí tí ó bá ti gbà sínú àwo, kì í fẹ́ ṣe é lójú agbo mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó fun ní àwọn ọdún náà ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ó jáde láyé ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olíkóyè sì kéde fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ni. Wọ́n tẹ́ ẹ sí Tafawa Balewa Square kí èrò lè wò ó, wọ́n sì sin ín sí ilé rẹ̀ ní òpópónà Gbémisọ́lá, Ìkẹjà, ní ọjọ́ 12. Lẹ́kan Animáṣaun, tí ó ti ń fun fèrè bàrítònù fún un láti ìgbà Koola Lobitos, kò tú ẹgbẹ́ náà ká. Ṣeun, àbíkẹ́yìn Fẹlá ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni ó bọ́ síwájú wọn, sasofóònù áátò ni ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.