Lambo fi hàn wá pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣe àrùn òyìnbó

Ní Ẹ̀pẹ́ tiwa níbí ní Ṣàgámù, tí èèyàn bá ní òun ń lọ sí Aro, ariwo á sọ. Wọ́n á ní orí onítọ̀hún ti dàrú nìyẹn. Èmi náà bẹ̀rù orúkọ yẹn gan-an nígbà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dé bá mi. Oorun kò wá, oúnjẹ kò wọ ọ̀fun, orin tí mo máa ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin sì sú mi. Àwọn ará ìjọ gbàdúrà fún mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ àwọn kan ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré, àwọn míì ní àrùn òyìnbó ni. Ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ló là mí lójú.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1923. Ó lọ sí Baptist Boys' High School níbẹ̀, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì tún lọ kọ́ nípa ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní London. Nígbà tó gba iṣẹ́ ní Aro ní 1954, wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Bàbá yìí kò káwọ́ gbera. Ó bá àwọn ará abúlé tó wà nítòsí sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba aláìsàn sílé. Aláìsàn á mú ẹbí rẹ̀ kan dání, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa bá a lọ gba ìtọ́jú. Wọ́n ń gba oògùn òyìnbó, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣeré. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra kí wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́.

Lásìkò yẹn, àwọn dókítà òyìnbó kan gbà pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín adúláwọ̀. J. C. Carothers kọ irú rẹ̀ sínú ìwé tí WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, gbé jáde ní 1953. Lambo àti Alexander Leighton, ọ̀jọ̀gbọ́n láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, bá kó ikọ̀ wọ abúlé àti ìlú lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1963. Kí ni wọ́n rí? Wọn ò rí orúkọ kan ṣoṣo tí Yorùbá ń pe àìsàn náà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn mọ àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àìróorunsùn, ẹkún, àárẹ̀, kí nǹkan má wuni mọ́. Ó wà láàárín wa dáadáa.

Lambo di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, lẹ́yìn náà ó di igbákejì olórí pátápátá ní WHO. Ó kú ní 2004.

Ẹ wò ó, Bíbélì pàápàá kò fi nǹkan yìí pamọ́. Èlíjà jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá kò bá a wí rárá. Oúnjẹ àti omi ló gbé fún un, Èlíjà jẹun, ó sì tún sùn. Lójú tèmi, ohun tí Lambo ṣe ní Aro kò jìnnà sí èyí. Tó bá lè bá oníṣègùn ìbílẹ̀ jókòó, kí ló dé tí pásítọ̀ àti dókítà ò lè jọ jókòó lónìí? Ìjọ lè jẹ́ abúlé yẹn fún aláìsàn.

Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ló ṣe ẹbí fún mi. Ó gbàdúrà fún mi, ó sì tẹ̀ lé mi lọ rí dókítà. Àwọn àárọ̀ kan ṣì ń wúwo, àmọ́ mo ti ń kọrin padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, tí ikú bá ń wù yín bíi ti Èlíjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹ sì jẹ́ kó mú yín lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.